Ẹ̀jẹ̀ ríru àgbà: Rọ́bà inú iṣan ló ń gbó, kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ lẹ́rán wò

Bí àgbàlagbà kan ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìpẹru bá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, nọ́ńbà méjì ni wọn yóò kọ fún un. Ọ̀kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀. Ẹni ogójì ọdún lè gba 150 lókè àti 100 nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ẹni ọdún 75 tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì lè gba 178 lókè, kí ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 74 péré. Bí bàbá bá délé, tí àwọn ọmọ béèrè, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé, "Ọjọ́ orí ni. Ẹ̀jẹ̀ àgbà ló ń rú bẹ́ẹ̀." Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ìṣirò kan tí wọ́n gbọ́ látọjọ́ pípẹ́, pé kí ènìyàn fi 100 kún iye ọdún rẹ̀, ohun tó bá jáde ni nọ́ńbà òkè tó tọ́ sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, 175 kò ní ohun tó burú nínú fún ẹni ọdún 75. Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ìdajì òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ orí lọ́wọ́ sí i lóòótọ́. Èyí tí kì í ṣe òótọ́ ni pé nọ́ńbà òkè tó ga bẹ́ẹ̀ kò léwu, tàbí pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ṣágámù gan-an mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń náni. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tó wà nílùú náà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986 nígbà tí wọ́n ṣì ń pe yunifásítì ọ̀hún ní Ogun State University, wà lára ibi tí wọ́n máa ń sáré gbé ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlù ní Rẹ́mọ lọ. Ní 2005, Dókítà S. A. Ogun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Stroke. Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n tú wò, àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 700. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gba iwájú nínú ohun tó kó wọn sí wàhálà.

Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, ní 2004, Dókítà O. B. Familoni, Dókítà Ogun yìí kan náà àti Dókítà A. O. Aina ti bi àwọn aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru 254 ní Ṣágámù léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àìsàn wọn. Èsì tí wọ́n rí gbà gba àròjinlẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn péré ló mọ̀ pé títí ayé ni ènìyàn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn tó lé ní ìdajì gbà pé ìgbà tí ara bá ń ni ènìyàn nìkan ló yẹ kó lo oògùn. Ẹ rántí pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àwọn tí kò dé ilé ìwòsàn rí o. Àwọn tó ti ń gba ìtọ́jú ni.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ara àgbàlagbà tí nọ́ńbà òkè fi ń gun òkè, tí ti ìsàlẹ̀ sì ń wálẹ̀? Ọ̀dọ̀ ọkàn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọkàn kì í da ẹ̀jẹ̀ jáde bí omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn láìdúró. Ìgbà tó bá lù ni ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ìgbà tó bá sinmi, kò sí ohun tó ń jáde. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í dúró lójú kan nínú ara nígbà ìsinmi yẹn. Òpójẹ̀ ńlá tó jáde láti inú ọkàn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní aorta, ló ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Bí ọkàn bá tú ẹ̀jẹ̀ sí i, á fẹ̀ láti gbà á, bíi tíúbù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fa atẹ́gùn sí. Bí ọkàn bá sinmi, á sún kì padà, á sì máa ti ẹ̀jẹ̀ náà lọ síwájú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nọ́ńbà òkè ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn lù. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ nígbà tí ọkàn sinmi.

Àlùfáà ìjọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephen Hales, ló kọ́kọ́ wọn agbára yìí. Ó ki páìpù kékeré bọ iṣan abo ẹṣin kan, ó so gíláàsì gígùn mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ sì gòkè nínú rẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1733 ló ti ròyìn rẹ̀. Níbẹ̀ náà ló ti fi òpójẹ̀ wé àgbá afẹ́fẹ́ tó wà lára ẹ̀rọ panápaná ayé ìgbà náà, èyí tí kì í jẹ́ kí omi máa já gìjàgìjà bí wọ́n ti ń fà á. Àfiwé náà ṣì wúlò títí dòní.

Ohun tó ń jẹ́ kí aorta lè fẹ̀ kó sì tún sún kì ni fọ́nrán tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní elastin. Nínú ògiri aorta, níbi tó gba àyà kọjá, ìpele elastin tó wà níbẹ̀ tó 50 sí 60, wọ́n tò léra wọn bí ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ. Fọ́nrán mìíràn tún wà láàárín wọn, collagen lorúkọ tirẹ̀. Collagen kì í fà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kí òpójẹ̀ bẹ́. Bí elastin bá jẹ́ rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ, collagen ni okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù igi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ara kì í fi elastin tuntun rọ́pò èyí tó bá gbó, bó ṣe ń ṣe pẹ̀lú awọ ojú ara tàbí irun. Inú oyún àti ìgbà èwe ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ti dàgbà tán, èyí tó ní náà ló ní. Ní 1991, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ elastin inú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn wò. Wọ́n lo àpẹẹrẹ kábọ́ọ̀nù tí àdó olóró átọ́míìkì tí wọ́n dán wò láàárín 1950 sí 1963 tú sí afẹ́fẹ́ ayé, nítorí pé ohun tí ara bá ṣe lẹ́yìn ìgbà náà á ní àmì kábọ́ọ̀nù yìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé elastin lè lò tó nǹkan bí ọdún 74 nínú ara. Èyí túmọ̀ sí pé rọ́bà tó wà nínú àyà bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún lónìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti bí mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọkàn bá ń lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, á lù tó 100,000 lóòjọ́. Bí ènìyàn bá fi máa pé ẹni àádọ́rin ọdún, ó ti lù ju bílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ lọ, gbogbo ìgbà yẹn ni aorta sì ń fẹ̀ tó sì ń sún kì. Kò sí rọ́bà tí wọ́n ń tà ní ọjà Sábó ní Ṣágámù tó lè jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ ni ìpele elastin á máa sán, tí á sì máa já. Bí wọ́n ti ń já ni ẹrù iṣẹ́ wọn ń bọ́ sọ́rùn collagen tí kì í fà. Òpójẹ̀ á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á gùn sí i, á sì le.

Kálísíọ̀mù náà tún máa ń lẹ̀ mọ́ elastin tó ti gbó. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ṣágámù kún fún kálísíọ̀mù bákan náà, àmọ́ kò sí ẹni tó ń gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kó tirẹ̀ o. Inú ẹ̀jẹ̀ ẹni fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti àwọn tí kídìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa ló ń tètè bá jù. Ní ti ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tún máa ń so àwọn fọ́nrán collagen pọ̀ mọ́ra wọn, tí wọ́n á fi le gan-an ju bó ṣe yẹ lọ. Tábà mímu náà ń yára bá ògiri iṣan jẹ́.

Ọ̀rọ̀ iṣan tó ń le yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí 1507, Leonardo da Vinci, gbajúmọ̀ ayàwòrán ọmọ Ítálì, bá bàbá arúgbó kan sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn kan nílùú Florence. Bàbá náà sọ fún un pé òun ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, pé kò sí ohun tó ń ṣe òun ju àárẹ̀ lọ. Láìpẹ́ ló dákẹ́ lórí ibùsùn rẹ̀. Leonardo la òkú rẹ̀ wò, ó sì rí i pé iṣan bàbá náà ti le, ògiri wọn ti nípọn, wọ́n sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ó tún la òkú ọmọ ọdún méjì, ó sì bá gbogbo rẹ̀ ní òdìkejì.

Èwo wá ni ti nọ́ńbà? Bí òpójẹ̀ bá ti le, kò lè fẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn tú sí i mọ́, nítorí náà agbára ẹ̀jẹ̀ á fò sókè lójijì. Ohun mìíràn tún wà. Gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù, ìgbì kan máa ń gba ara ògiri iṣan lọ títí dé apá ìsàlẹ̀ ara, lẹ́yìn náà a padà wá sókè bíi gbohùngbohùn. Lára ọ̀dọ́, ìgbì yìí ń rìn ní nǹkan bíi mítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà tó bá sì fi máa padà dé, ọkàn ti ń sinmi. Lára àgbàlagbà tí iṣan rẹ̀ ti le, ó lè sáré tó mítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á padà dé kí ọkàn tó lù tán, àwọn méjèèjì á sì pàdé. Èyí tún ń fi kún nọ́ńbà òkè. Ní ti ìsàlẹ̀, rọ́bà tó yẹ kó máa ti ẹ̀jẹ̀ nígbà ìsinmi kò lágbára mọ́, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà náà fi ń wálẹ̀. Ìwádìí ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ló fi hàn gbangba nínú àbọ̀ tó jáde ní 1997 pé lẹ́yìn ọdún 50 sí 60, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ á máa rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ti òkè ṣì ń lọ sókè.

Àwọn kan máa ń yọ̀ nígbà tí wọ́n bá rí i pé ti ìsàlẹ̀ ti wálẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n yọ̀ jù. Ìgbà ìsinmi yẹn ni ẹran ara ọkàn ń rí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gbà. Bí agbára bá ti kéré jù nígbà náà, oúnjẹ ọkàn ń dín kù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe ti pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ọkàn fi máa ń nípọn lára wọn, tí mímí sì máa ń nira bí wọ́n bá gun òkè díẹ̀. Ìlù ọkàn tí òpójẹ̀ ńlá kò gbà sára mọ́, inú àwọn iṣan wẹ́wẹ́ ọpọlọ àti kídìnrín ló ń wọ̀ tààrà. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti ń wá.

Ó yẹ ká fi ìyàtọ̀ sí nǹkan méjì níbí. Ọ̀rá tó ń dí iṣan lọ́tọ̀, rọ́bà tó ń gbó lọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè bára wọn nínú ènìyàn kan. Ní bíi 1970, àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn fi iṣan ọpọlọ òkú àwọn ọmọ Nàìjíríà wé ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọ̀rá tó wà nínú ti àwọn ará wa kéré sí tiwọn. Ẹni tó bá wá gbójú lé èyí, tó ní òun kì í jẹ ọ̀rá, pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò lè mú òun, kò tíì mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Ṣé gbogbo ènìyàn ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ru bó ṣe ń dàgbà? Rárá o. Ní 1988, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe ìwádìí INTERSALT ní ibi 52 káàkiri orílẹ̀-èdè 32 gbé àbọ̀ jáde. Àwọn Yanomami tó ń gbé nínú igbó Brazil wà lára wọn. Wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iyọ̀ rárá, ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà wọn kì í sì í ru ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ. Nílé níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, ọmọ Oǹdó tó di olóògbé ní 2020, ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ará oko àti ará ìlú láti àwọn ọdún 1960. Ní 1997, àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti Amẹ́ríkà fi àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wéra. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jẹ́ ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún, ní erékùṣù Caribbean ó jẹ́ 26, ní Amẹ́ríkà ó jẹ́ 33. Ìran kan náà ni gbogbo wọn. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí wọ́n ń gbé, ohun tí wọ́n ń jẹ àti bí ara wọn ṣe tóbi sí. Ọjọ́ orí ń gbó rọ́bà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni ló ń pinnu bó ṣe máa yára tó.

Iyọ̀ ni kí a kọ́kọ́ mú. Ìwádìí kan tó jáde ní 2005, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Jamaica, fi hàn pé nígbà tí wọ́n dín iyọ̀ àwọn ènìyàn kù, nọ́ńbà òkè wọn wálẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi márùn-ún, láìlo oògùn kankan. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ àgbàlagbà má ju gíráàmù márùn-ún lọ lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan péré. Ìyá tó bá ń se ìkọ́kọrẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe iyọ̀ tí òun bù nìkan ló wà nínú ìkòkò. Amọ́bẹ̀dùn ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí kí ó má bàa bàjẹ́. Bí irú bá pọ̀ tó, tí wọn kò sì fi iyọ̀ sí irú náà, amọ́bẹ̀dùn kò ní pọn dandan.

Rírìn náà wúlò. Ní 2000, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn ọkùnrin tó ti lé lọ́jọ́ orí, tí wọn kì í ṣeré ìdárayá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n wá ń rìn déédéé fún oṣù mẹ́ta, iṣan ọrùn wọn tún rọ̀ díẹ̀ sí i. Elastin tó ti já kò hù padà, àmọ́ iṣan lè dẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko ní ẹ̀yìn Ìṣarà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí. Ẹni tí ọ̀kadà ń gbé láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà ló yẹ kó gbọ́ ọ.

Ní ti oògùn, ẹ̀rí tó wà lágbára. Ìwádìí SHEP ní Amẹ́ríkà, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1991, kó 4,736 ènìyàn tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún sókè jọ, àwọn tí nọ́ńbà òkè nìkan ga lára wọn. Oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀, tí kò wọ́n, tó sì ti pẹ́ lórí àtẹ, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ fi ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tó lò ó. Irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù, tó jáde ní 1997, rí ìdá 42. Àwọn kan tún ń sọ pé ẹni tó bá ti pé ọgọ́rin ọdún, kí wọ́n fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìwádìí HYVET dá wọn lóhùn ní 2008. Ènìyàn 3,845 tó ti pé ọgọ́rin ọdún sókè ló wà nínú rẹ̀, títí kan àwọn ará Tùnísíà nílẹ̀ Áfíríkà níbí. Ikú láti ọwọ́ onírúurú àìsàn dín kù pẹ̀lú ìdá 21 láàárín àwọn tó lo oògùn. Rẹ́mọ náà kò ṣàì mọ ọjọ́ ogbó: Ìyá H. I. D. Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ ku oṣù méjì péré kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà tó jáde láyé ní September 2015. Ẹni ọgọ́rin ọdún lè ṣì ní ogún ọdún níwájú.

Oògùn ara ríro kan wà tó ń ṣe ìdènà fún gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò sì mọ̀. Ibuprofen àti Diclofenac tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísì nítorí orúnkún, bí wọ́n bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, lè mú ẹ̀jẹ̀ ru, kí wọ́n sì pa agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Kí bàbá tàbí ìyá tó ń lò wọ́n dárúkọ wọn fún dókítà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń wọn ẹ̀jẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Rẹ́mọ jẹ́ ilẹ̀ obì, obì sì ní kaféènì, ohun kan náà tó wà nínú kọfí, tó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá jẹ obì tàbí tó mu sìgá, kó dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó lọ tọ̀ kó tó jókòó. Kó fi ẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, kó sì gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nọ́ńbà òkè tó bá ń jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó tó ohun tí à ń gbé lọ bá dókítà, ì báà ṣe 74 ni ti ìsàlẹ̀. Fún àgbàlagbà, kí wọ́n tún ní kó dìde dúró, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, nítorí iṣan tó ti le kì í tètè bá ìdìde mu, òyì sì lè kọ́ ènìyàn kó ṣubú. Bí nọ́ńbà òkè bá já tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ nígbà tó dìde, kí dókítà gbọ́ ọ kó tó fi kún oògùn.